Nọ́ọ̀tì Abẹ́ Ẹsẹ̀

Ẹnu mi kò dára. Mo ti mọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Ìyá mi sọ ọ́ kó tó kú, ọkọ mi sọ ọ́ kó tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, àwọn tí a jọ ń tajà ní ọjà Ouando sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ bí ẹni ń kí mi káàárọ̀. Bernadette ẹlẹ́nu ṣóńṣó. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni ní Porto-Novo yìí bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọlangidi akọni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde dára tàbí kò dára, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń sáré wá? Ọ̀dọ̀ mi náà ni.

Ohun ìṣeré ọmọdé ni mo ń tà. Nínú gbogbo wọn, àwọn akọni yìí ló wọ̀ mí lójú jù: àwọn ọkùnrin àti obìnrin kéékèèké onírọ́bà, tí gígùn wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, tí wọ́n da aṣọ sẹ́yìn, tí wọ́n ń fò lójú ọ̀run nínú sinimá. Kì í ṣe gbogbo wọn ni mò ń tà. Igba ó lé méjìlá ló wà ní yàrá mi, lórí pákó tí mo kàn mọ́ ògiri, mo sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí abiyamọ ṣe ń mọ ọmọ rẹ̀. Obìnrin ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ṣé ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Àwa mẹ́rin là ń kó wọn jọ. Èmi rèé. Romaric rèé, tó ń tún alùpùpù ṣe ní Djègan-Kpèvi. Nourath wà níbẹ̀, tó ń tọ́jú aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Ẹnì kẹrin wa ni Aubin, olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Mẹ́tìrì. Òun ló kọ́ Romaric ní ábídí nígbà tí Romaric ṣì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ikun. Òun náà ló sọ mí di ohun tí mo dà. Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, ó wá ra ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì rí akọni kan tí mo ti jù sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí nítorí pé ọ̀dà ojú rẹ̀ ti bó tán. Ó ní kí n fún òun. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé e padà wá. Ojú ti dé! Dúdú ẹyinjú wà níbẹ̀, funfun rẹ̀ wà níbẹ̀, ó tún wá fi àmì ìmọ́lẹ̀ kan sínú dúdú náà, tó kéré bí ẹnu abẹ́rẹ́, tó jẹ́ pé ṣe ni ọmọlangidi náà ń wò mí.

Mo ní, "Mẹ́tìrì, ta ló kọ́ yín ní irú èyí?"

Ó ní, "Tàǹtí, sùúrù ni."

Ìyẹn ni àkọ́kọ́ nínú igba ó lé méjìlá mi. Láti ọjọ́ náà, èyíkéyìí tí ọ̀dà rẹ̀ bá bó nínú tiwa, Aubin ló ń kùn ún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, bí àwa onígbàgbọ́ bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí Nourath náà sì ti kírun ọ̀sán tán, ṣọ́ọ̀bù Romaric la máa ń pé sí. Olúkúlùkù á gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wá. Níbẹ̀rẹ̀, a kàn máa ń gbé e jáde ni, ká sì máa yìn ín. Romaric wá gbé ọ̀kan dé lọ́jọ́ kan tó ti fi oṣù mẹ́ta wá kiri, gbogbo wa sì ń ṣe "háà, háà" nítorí ojú rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọrùn nǹkan ọ̀hún rí bí ọrùn alángbá. Aubin ní irú èyí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Òun ló ṣe òfin wa. Kálukú á gbé tirẹ̀ wá sábẹ́ ìnujú funfun. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ẹni tó ni ín. Èmi ni n ó ṣí ìnujú, tí n ó sọ ohun tí mo bá rí láìwo ojú ẹnì kan, tí n ó sì fi pẹ́ńsùlù tí à ń pè ní kíréyọ̀n kọ nọ́ọ̀tì, ìyẹn máàkì, sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, lórí ogún, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tó bá gba mẹ́wàá ló yege. Romaric á fi tẹlifóònù gba ohùn mi, á fi í ránṣẹ́ sórí Wasápù wa, kí ẹni tí kò bá lè wá náà lè gbọ́. Ẹni tó bá dárúkọ olówó ọmọlangidi kí nọ́ọ̀tì tó délẹ̀, òun ni yóò ra ohun mímu fún gbogbo wa.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi?" mo bi Aubin nígbà náà.

"Nítorí pé ẹ kò mọ irọ́ pa," ó wí. "Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ẹ jẹ́ kí tiyín rí ibì kan tà."

Ó ní ọ̀rọ̀ olùkọ́ kan tó máa ń sọ: ogún, ti Ọlọ́run ni, mọ́kàndínlógún, ti olùkọ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kú sídìí ìwé rẹ̀, méjìdínlógún ni ibi tó lè dé. Èmi ò sún mọ́ méjìdínlógún rí. Nọ́ọ̀tì tó ga jù tí mo fúnni ní gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mẹ́rìnlá. Alágbádá Pupa ni mo fún. Àwa la sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, ká má parọ́, ẹnu wa ò gba èyí tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Gbogbo oríkèé rẹ̀ ló ń tẹ̀, ó sì ń dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún gbé e jáde, wọ́n ní tuntun ni. Tuntun wo? Ara ti àtijọ́ ni, orí lásán ni wọ́n pààrọ̀! Ọbẹ̀ àná tí wọ́n bomi sí. Mo fún un ní márùn-ún, mo sì tún bú wọn lé e lórí.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, Aubin ń kọ̀wé sójú pátákó, ẹfun ìkọ̀wé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, kò lè nàró mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run bá wa dá ẹ̀mí sí, ọ̀rọ̀ padà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Ọwọ́ ọ̀dà yẹn gan-an ló kọ̀.

Mo lọ wò ó nílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan péré. Mo rí ọwọ́ náà lórí aṣọ ibùsùn, bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀, mo sì wá àwáwí, mo sá jáde. Mi ò padà lọ mọ́. Èmi ẹlẹ́nu, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wá sí mi lẹ́nu, "ó máa dára", "kò ní pẹ́", irọ́ ni, mi ò sì fẹ́ purọ́ fún Aubin. Mò ń fi ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ sí Claire ìyàwó rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wa, bí wọ́n bá ní kí kálukú sọ ti inú rẹ̀ fún Ọlọ́run, ohun kan ṣoṣo ni mò ń sọ: Bàbá, dá ọwọ́ Aubin padà. Mi ò tọrọ nǹkan mìíràn ní gbogbo ọdún yẹn.

Ó wá di ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹjọ. Ìnujú mẹ́rin wà lórí tábìlì. Mẹ́rin, nígbà tí àwa mẹ́ta péré jókòó! Ó yẹ kí n béèrè. Mi ò béèrè, mo rò pé Romaric gbé méjì wá ni, ọ̀kánjúà ẹ̀dá. Mo ṣí ti àkọ́kọ́, mo fún un ní mẹ́sàn-án. Mo ṣí èkejì, mọ́kànlá. Mo fo tèmi, mo ṣí èyí tó kù, Alágbádá Pupa ni, èyí tí ẹnì kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn láti òkè délẹ̀.

"Yéè! Ẹ gbà mí! Ta ló ti Alágbádá Pupa sínú ẹrọ̀fọ̀? Ẹ wo ojú: ọ̀kan ń wo Ouando, èkejì ń wo Sèmè-Kpodji. Ẹnu ti gun imú lọ. Ọ̀dà aṣọ ṣàn dé orúnkún. Adìẹ ló kun èyí! Bí kì í bá ṣe adìẹ, á jẹ́ pé ẹni tó kùn ún ń bá ìyàwó rẹ̀ jà lọ́wọ́ ni. Ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́ yìí, kó lọ máa gbálẹ̀, kó má fara kan ọ̀dà mọ́ láyé. Méjì! Méjì náà, nítorí pé ó rántí pé ojú méjì ni ènìyàn ń ní."

Nourath rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Romaric ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ilẹ̀. Mo kọ 2 sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní kí olówó rẹ̀ yọjú. Romaric nu tẹlifóònù rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó fi ohùn mi ránṣẹ́, ó sì ki Alágbádá Pupa bọ àpò. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ rẹ̀ ló kùn ún, ojú ló ń tì í.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Nourath dé ìsọ̀ mi láìkí mi. Ó ti ilé Aubin bọ̀, níbi tó ti máa ń lọ bá a wọ́ ọwọ́. Ó ní òun rí Alágbádá Pupa lójú fèrèsé rẹ̀. Ó ní wọ́n fi rọ́bà inú táyà so búrọ́ọ̀ṣì mọ́ Aubin ní ìka, Romaric ló gé rọ́bà náà fún un, ọwọ́ ọ̀tún tó kọ̀ yẹn náà ló sì fi ń kùn.

"Tàǹtí, ọwọ́ Mẹ́tìrì lẹ ní kó lọ máa gbálẹ̀."

Mi ò mọ bí mo ṣe jókòó. Mo ṣáà rí i pé mo ti jókòó lórí páálí ọjà, páálí sì ti fọ́ lábẹ́ mi. Gbogbo oṣù tí mo fi gbàdúrà kí ọwọ́ yẹn padà! Ó wá ń padà, ó ń rá bọ̀, èmi ni mo sì fi ẹsẹ̀ gbá a.

Mo fi ìsọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo gun ọ̀kadà zémidjan, ó di ọ̀dọ̀ Romaric. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi irin tó ń tún ṣe lọ́wọ́ lù ú. "Ìwọ ọmọ yìí, o mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀!"

"Òfin ni, Tàǹtí," ó wí. "Mẹ́tìrì fúnra rẹ̀ ló ní kí n má sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má lọ síbẹ̀ lọ sọ nǹkan kan. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Ta ló máa gbọ́ ti Romaric? Ọmọ àná! Mo ra gọ́mù ìpàwérẹ́ tuntun lójú ọ̀nà, mo sì lọ.

Aubin wà nídìí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Ìwé ìròyìn ni wọ́n tẹ́ sórí tábìlì náà, ọ̀dà kéékèèké tò lé e. Alágbádá Pupa dúró lójú fèrèsé, nǹkan kan sì wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ìnujú funfun bò. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ là, apá kan ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Tàǹtí! Ẹ kú... ẹ kú àtijọ́. Ẹ wá. Ẹ wá wo..." Ọwọ́ òsì rẹ̀ sì ti ń lọ síbi ìnujú náà.

Mi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ẹkún ti gbé mi lọ. Mo fa Alágbádá Pupa yọ lójú fèrèsé, mo dì í mọ́ àyà. "Mẹ́tìrì, ẹ máa bínú. Mi ò wò ó dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ṣọ́ọ̀bù Romaric ṣókùnkùn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó dára. Ó dára gan-an ni! Ẹ wo ojú, ẹ wo bí ó ṣe dé." Mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo fi gọ́mù pa 2 rẹ́, mo sì kọ 18 sí i, gàdàgbà. Mo gbé e fún un.

Ó yí i po, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Méjìdínlógún," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èyí tó ti ilé-iṣẹ́ wá... mẹ́rìnlá lẹ fún un."

"Tiyín dára ju tiwọn lọ."

Ó gbójú sókè, ó wò mí bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó mọ̀ pé ó jí ìwé wò. Ó gbé Alágbádá Pupa kalẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì padà síbi ìnujú yẹn mọ́. Ó gbé ọwọ́ náà sórí itan rẹ̀, lórí èkejì tó kọ̀.

"Ó burú tó bẹ́ẹ̀," ó wí.

"Kí ló burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Kò sí, Tàǹtí. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé tí ẹ wá." Ó pe Claire pé kó bu omi fún mi mu.

Mi ò bi í ohun tó wà lábẹ́ ìnujú. Orin ìyìn ni mo ń kọ délé, mo ní mo ti tún un ṣe.

Lóṣù kẹsàn-án, ìnujú mẹ́ta péré ló wà lórí tábìlì wa. Títí di oṣù kọkànlá, mẹ́ta náà ni. Nourath ní Aubin kì í jẹ́ kí òun wọ́ ọwọ́ náà mọ́, ó ní ó ń kọjú sí ògiri ni. Mo ní ẹ ṣe sùúrù fún un, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Romaric kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an nínú oṣù kejìlá, rọpárọsẹ̀ tún gbé Aubin, kò sì gbé e kalẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ rẹ̀ wọ sùtánà funfun, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ lé e dé itẹ́ òkú. Mo sunkún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo ń sọ nínú mi pé, ó kéré tán, mo bẹ̀ ẹ́ kó tó lọ.

Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìsìnkú, Claire ránṣẹ́ pè mí. Tábìlì náà ṣì wà nídìí fèrèsé. Alágbádá Pupa wà lórí rẹ̀, ìnujú funfun yẹn sì wà lórí ohun tó bò.

Claire ní, "Tàǹtí, ohùn yín ti oṣù kẹjọ yẹn, tí ẹ ti ní adìẹ ló kùn ún. Ṣé ẹ mọ iye ìgbà tó gbọ́ ọ?"

Mo ní kó ṣàánú mi, kó má sọ ọ́.

"Ojoojúmọ́ ni. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń ṣí i fún. Ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, 'Claire, gbọ́ ọ, méjì! Dókítà ń sọ pé ó ń dára, wòlíì ń sọ pé ó ń dára, ìwọ náà ń sọ pé ó ń dára, gbogbo yín ń tàn mí. Tàǹtí nìkan ló lè sọ ibi tí mo dé fún mi. Lọ́jọ́ tó bá fún mi ní mẹ́wàá, ọjọ́ yẹn ni n ó mọ̀ pé ọwọ́ mi ti padà.' Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ èyí tó wà lábẹ́ ìnujú nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kùn ún, òógùn á bò ó. Àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ wá ló parí rẹ̀."

Kò pariwo. Ì bá pariwo. Ì bá gbá mi létí.

"Bí ẹ ṣe lọ, ó ní kí n tú búrọ́ọ̀ṣì kúrò lọ́wọ́ òun, kí n kó ọ̀dà dà nù. Ó ní, 'Bí Tàǹtí bá ti lè purọ́ fún mi, á jẹ́ pé kò sí nǹkan kan tó kù.'"

Wọ́n ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣe é kó. Gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí mo sọ láyé, àwọn ni mo ń bẹ̀rù pé wọn ó fọ́ nǹkan. Èyí tó dùn jù tí mo sọ rí ló pa Aubin. Ọlọ́run mi, òtítọ́ mi rí ilé kan ṣoṣo tà, èmi náà ni mo lọ gbé e kúrò níbẹ̀.

Claire ti kíréyọ̀n sí mi lórí tábìlì. "Ẹ ṣí i," ó wí. "Ẹ má wo ojú mi."

Mo ṣí ìnujú. Akọni obìnrin ni, aṣọ aró ló wọ̀. Mo gbé e sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo nu ojú mi kí n lè ríran. Mo sọ̀rọ̀ sókè.

"Ojú méjèèjì ń wo ibì kan náà. Ẹnu dúró sí ààyè ẹnu. Etí aṣọ wọ́, apá òsì ni ó ti wọ́ jù. Ọ̀dà nípọn ní ọrùn. Ó gbìyànjú láti fi ìmọ́lẹ̀ sínú ẹyinjú. Ti ọ̀tún bọ́ sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́." Mo tún gbé e sún mọ́ fèrèsé. "Ti òsì wọlé."

"Mélòó?" Claire béèrè.

"Mẹ́jọ."

Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú Alágbádá Pupa, mo fi gọ́mù pa 18 rẹ́, ó ṣòro pa nítorí pé mo tẹ kíréyọ̀n mọ́ ọn gan-an lọ́jọ́ náà. Mo kọ 2 rẹ̀ padà sí i. Mo gbé àwọn méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ọwọ́ yẹn ti rìn láti méjì dé mẹ́jọ.

"Ó ku mélòó kó yege?" ni Claire wí.

"Méjì," mo wí. Mo sọ ọ́ ketekete, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí Romaric bá ń gba ohùn mi fún ẹni tí kò lè wá.